Ìyàwó Kàkò Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin. Ìbínú ló bí i, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìbínú ni yóò parí ẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, mo ka ìtàn tí mo kọ. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ọkọ rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ wáṣẹ́, tí òun wá kù sílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni obìnrin yìí fi ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ń wo títì. Kí n tó kà á tán, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa nínú ẹgbẹ́ ti na bébà kan sókè. Gbogbo wa la mọ bébà náà: òun ni àkàsọ̀ onípele méjìlá tí akọni gbọ́dọ̀ gùn, tí wọ́n ti ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ títí lẹ́tà ibẹ̀ ò fi hàn dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Àbúrò, akọni tìẹ dà? Ẹni tí ò lọ síbì kankan, báwo ló ṣe fẹ́ dàgbà nínú?" Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu wọn pé ìṣòro ìtàn Yorùbá gan-an nìyẹn, pé láti ayé Fágúnwà ni àwọn akọni wa ti kàn ń jà ṣáá, wọn ò ní inú.

Mo jókòó. Mi ò fèsì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilé ìkàwé ni mo gbà lọ. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kan àkàsọ̀ yẹn, ọdún tó kàn án, àti igi tó fi kàn án. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀ ni Carl Gustav Jung. Ọmọ Switzerland ni, wọ́n bí i ní 1875, ó kú ní 1961. Dókítà ni. Láti 1900 ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Burghölzli, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ní ìlú Zürich. Ó ṣàkíyèsí pé àlá àti ìran tí àwọn aláìsàn ń rò fún òun jọ ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ènìyàn ilẹ̀ òkèèrè tí wọn ò gbúròó wọn rí. Òun àti Freud, tó ti ń wò bíi bàbá, pín yà ní 1913. Jung wá ní yàtọ̀ sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gbàgbé sínú ara rẹ̀, ibì kan tún wà nísàlẹ̀ ọkàn tó jẹ́ àjùmọ̀ní gbogbo ẹ̀dá. Ibẹ̀ ni àwọn àwòrán àtìṣẹ̀dálẹ̀ ń gbé: ìyá, àgbà ọlọ́gbọ́n, ẹlẹ́tàn, akọni. Archetype ló ń pè wọ́n.

Nínú wọn, méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Àkọ́kọ́ ni ìbòjú, ìyẹn ojú tí a ń gbé jáde fún ayé rí: ọmọ dáadáa, ìyàwó olóòótọ́, ọkùnrin tí ò bẹ̀rù. Èkejì ni òjìji. Òjìji ni gbogbo ohun tí a jẹ́ tí a ò fẹ́ gbà pé a jẹ́. Jung ò sọ pé kéèyàn pa òjìji rẹ̀ o. Ó ní ẹni tí kò bá mọ òjìji rẹ̀ ni òjìji náà ń lò. Ìdàgbàsókè inú, lójú tirẹ̀, ni kéèyàn mọ gbogbo àwọn tó ń gbé inú òun, kó sì di odindi.

Joseph Campbell, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Sarah Lawrence College, ló mú èrò yìí wọ inú ìtàn. Ní 1949, ó gbé ìwé The Hero with a Thousand Faces jáde. Ó ní gbogbo ìtàn akọni tó wà láyé, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n: akọni á kúrò nílé, á la ìdánwò kọjá, á padà wálé pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ó pín ìrìn àjò náà sí ìpele 17. George Lucas tó ṣe fíìmù Star Wars ní 1977 sọ gbangba pé ìwé yìí ran òun lọ́wọ́. Ní 1985, Christopher Vogler, tó ń bá ilé iṣẹ́ Disney ṣiṣẹ́, gé ìpele 17 náà kù sí 12 nínú ìwé pélébé kan tó kọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀. Ní 1992, ó sọ ọ́ di ìwé ńlá, The Writer's Journey.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Bébà tí a ń fi ṣe òfin nínú ẹgbẹ́ wa, ìwé ìléwọ́ ilé iṣẹ́ fíìmù ni. Mi ò ní kò wúlò. Ẹni tó ń kọ fíìmù wákàtí méjì á rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a lè gbé jù sílẹ̀ ká fi mọ kádàrá gbogbo ìtàn.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé mo bá Èṣù nínú ìwé Campbell. Edshu ló kọ orúkọ rẹ̀. Ìtàn fìlà Èṣù tí a mọ̀ ni: àwọn àgbẹ̀ méjì ń ṣiṣẹ́ nínú oko tó dojú kọra, Èṣù gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú fìlà tí apá kan pupa, tí apá kejì funfun. Nígbà tó di alẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ń bá ara wọn jà lórí àwọ̀ fìlà. Ọwọ́ Leo Frobenius, ará Jámánì tó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ni ìtàn náà ti dé ọ̀dọ̀ Campbell. Ó túmọ̀ sí pé nínú igbó tiwa ni wọ́n ti gé lára igi tí wọ́n fi kan àkàsọ̀ náà.

Ẹ tún wo ìtàn náà dáadáa. Èwo nínú àwọn àgbẹ̀ méjèèjì ló lọ sí ìrìn àjò? Kò sí. Oko wọn ni wọ́n wà. Fìlà ló rin ìrìn. Bí ọgbọ́n kan bá wọ inú wọn lọ́jọ́ náà, ibi tí wọ́n dúró sí ló ti bá wọn: kálukú rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lòun rí. Ìyẹn náà ìdàgbàsókè inú ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò di ẹrù.

Mo tún ka ohun kan nípa Jung tí mi ò lè gbàgbé. Ní 1925, ó rìnrìn àjò wá sí ìlà oòrùn Áfíríkà, ó sì lo àkókò díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè Elgon, láàárín Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ó ń bi wọ́n nípa àlá wọn. Nínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní baba arúgbó kan tó jẹ́ oníṣègùn dá òun lóhùn tomijétomijé. Baba náà ní láyé àtijọ́, àlá ni àwọn oníṣègùn fi ń mọ̀ bóyá ogun tàbí àìsàn ń bọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òyìnbó ti dé, kò sẹ́ni tó ń lá àlá bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlá ò wúlò mọ́, torí pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti mọ gbogbo nǹkan.

Mo pa ìwé dé, mo rántí ìpàdé wa. Àwa náà ò lálàá mọ́. Bébà ti mọ gbogbo nǹkan.

Àmọ́ ní àkókò kan náà tí baba yẹn ń sunkún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa níbí tó ṣì ń lálàá. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ọdún 1903 ni wọ́n bí i, ní 1926 ló wọ St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ láti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Ẹ bá mi ṣírò o: ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìwé Campbell. Ọdún 1949 tí ti Campbell wá jáde náà ni Igbó Olódùmarè jáde, tí Èṣù-kékeré-òde ti dúró ní bodè, tí baba arúgbó onírùngbọ̀n sì jókòó sínú igbó tó ń kọ́ àwọn ọdẹ lọ́gbọ́n. Aṣọ́bodè àti àgbà ọlọ́gbọ́n, méjèèjì wà lórí bébà wa. Ọdún kan náà ni, kò lè jẹ́ pé ẹnì kan wo ìwé ẹnì kejì kọ.

Kò yẹ ká tìtorí ìyẹn purọ́ pé inú igbó nìkan ni Fágúnwà ti mú gbogbo ẹ̀ jáde. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìwé John Bunyan nípa èrò tó ń lọ sí ìlú ọ̀run ti wà ní èdè Yorùbá láti 1866, àwọn ọmọ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ìlànà ibẹ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi rin ọ̀nà náà, àlọ́ àti ìtàn ọdẹ ilé wa ló ti pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ẹ̀sùn yẹn, pé àwọn akọni Fágúnwà ò ní inú. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọba rán Àkàrà-Oògùn sí Òkè Láńgbòdó pé kó lọ mú ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú wá. Kò dá lọ. Mẹ́fà ló bá a lọ: Kàkò alágbára, Ìmọ̀dòyè tó jẹ́ pé ìmọ̀ ló di òye lórí rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ olórin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, tafàtafà kan tí kì í tàsé, àti Àràmàǹdà-òkùnrin, ẹni tó jẹ́ pé bí oòrùn bá mú, òtútù ni ń mú òun.

Òótọ́ ni pé bí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò yí padà. Kàkò ò di olórin, Olóhùn-iyọ̀ ò di jàǹdùkú. Ẹni tó bá fẹ́ rí inú Kàkò kò ní í rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi agbára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka àwọn méjèèje pọ̀ bí ẹnì kan ńkọ́? Agbára, ìmọ̀, ohùn, etí tó gbọ́ ohun tí ènìyàn ò gbọ́, ojú tó mọ àfojúsùn, àti apá kan tí gbogbo nǹkan rẹ̀ dojú dé. Èmi ò rí akọni aláìnínú níbẹ̀. Inú ẹnì kan ni Fágúnwà yọ síta, tó fún kálukú lórúkọ, tó wá ní kí wọ́n jọ máa rìn. Níbi tí òǹkọ̀wé òyìnbó á ti kọ ojú ìwé mẹ́wàá pé akọni ń bá ara rẹ̀ jiyàn, tiwa á jẹ́ kí Kàkò ó fa kùmọ̀ yọ, kí Ìmọ̀dòyè dì í lọ́wọ́ mú. Àríyànjiyàn kan náà ni. Àwa Yorùbá tí a ní orí òde tí a tún ní orí inú, ṣé ó yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti rí?

Ibi tí wọ́n tún ti dàgbà ni ilé Ìrágbèje. Nígbà tí wọ́n dé Láńgbòdó, ọba ibẹ̀ ò kàn ju ẹ̀bùn sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó sọ́dọ̀ Ìrágbèje nínú ilé olójúlé méje, kí wọ́n gbọ́rọ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ ro ó wò: àwọn ènìyàn tó ti bá ẹbọra jà dé ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Lára ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbọ́ ni ti ọmọ títọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà délé. Ní ìkẹyìn, Àkàrà-Oògùn wá bá akọ̀wé kan, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ọ́ bí òun ṣe ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, èrò ti ń pé jọ. Nínú ìwé yìí, akọni tí kò bá lè jókòó gbọ́rọ̀, tí kò sì lè jókòó rò fún ẹlòmíràn, kò tíì dé.

Bí mo bá dánu dúró síbí, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún mi pé mo gba Fágúnwà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó Kàkò ò jẹ́.

Ní ọjọ́ tí Kàkò fẹ́ bá wọn lọ, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò ní í lọ. Kàkò pa á, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Fọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ ka ìwé náà, a rẹ́rìn-ín síbẹ̀ ni. Tíṣà wa náà rẹ́rìn-ín. Akọni kì í fi obìnrin falẹ̀, àbí? Nígbà tí mo tún un kà, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Torí bó bá jẹ́ òótọ́ lohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wí, pé àwọn méjèèje, ẹnì kan ni wọ́n, á jẹ́ pé ọwọ́ gbogbo wọn ló pa á. Ìmọ̀dòyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Òjìji tí Jung ń sọ nìyẹn, a sì ti fi pè é ní ìgboyà.

Kì í sì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Bàbá Àkàrà-Oògùn fúnra rẹ̀ yìnbọn lu ẹran kan lóko, ó délé, ó rí i pé ìyàwó òun lòun yìn níbọn: apá kan ara obìnrin náà ti di ènìyàn padà, apá kan ṣì jẹ́ ẹran. Lójú tèmi, Fágúnwà mọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn tó jókòó sọ́dọ̀ Ìrágbèje, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilé àti ọmọ, ọmọ ẹni tó yìnbọn pa ìyàwó wà nínú wọn, ẹni tó pa ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà náà wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó jáde nílé ni wọ́n rin gbogbo igbó já kí wọ́n tó lọ gbọ́.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ, ní 1952, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Amos Tutùọlá, gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Akọni rẹ̀ ò ní èrò rere kankan nígbà tó ń gbéra. Adẹ́mu rẹ̀ ló kú, ó fẹ́ lọ mú un bọ̀ láti ìlú àwọn òkú kí ẹmu lè máa dà lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà, ó gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ agbárí tó yá ẹ̀yà ara kiri tó fi di ọkùnrin arẹwà. Ó fẹ́ ẹ. Obìnrin yìí ò kú sẹ́nu ọ̀nà o, ó bá a lọ títí dé òpin, ọ̀rọ̀ tó bá sì sọ nípa ohun tó ń bọ̀ máa ń ṣẹ. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyàn ti mú, ẹyin tí adẹ́mu fún akọni ló fi bọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀fun ara rẹ̀ ló bá lọ, ikùn ìlú ló bá bọ̀. Tí ìyẹn kì í bá ṣe ìdàgbàsókè inú, mi ò mọ ohun tá a tún máa pè é.

Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maureen Murdock, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Campbell, lọ bi í ní 1981 pé ọ̀nà wo ni obìnrin akọni máa gbà. Campbell dá a lóhùn pé obìnrin ò nílò ìrìn àjò náà, pé òun gan-an ni ibi tí àwọn èèyàn ń gbìyànjú láti dé. Ìdáhùn yìí ò tẹ́ Murdock lọ́rùn. Ó lọ kọ ìwé tirẹ̀, The Heroine's Journey, tó jáde ní 1990. Ẹ̀yin tí ẹ ní bébà yẹn lọ́wọ́, ẹ wo ìpele méjèèjìlá wò: níbo ni ìyàwó Kàkò máa dúró sí?

Ó ku ẹjọ́ tèmi, mi ò sì ní í jẹ̀bi kí n sá. Bọ̀dá tó na bébà sókè lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣì mí gbọ́ lórí ohun kan, wọ́n sì jàre lórí òmíràn. Wọ́n ṣì mí gbọ́ pé ẹni tó dúró sójú kan kò lè dàgbà nínú. Wọ́n jàre pé obìnrin inú ìtàn mi kò dàgbà. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dàgbà.

Obìnrin ẹlẹ́kọ yẹn, ìyá ìyá mi ni. Ohun tí mo yọ kúrò nínú ìtàn náà nìyí. Ní ọdún kẹrin, lẹ́tà kan dé láti Èkó pé kí Màmá kó àwọn ọmọ, kí wọ́n máa bọ̀. Màmá ò mọ̀wé, wọ́n mú un lọ fún ẹnì kan tó bá wọn kà á. Wọ́n ní kí ó tún un kà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n délé, wọ́n fi dáná ẹ̀kọ. Ìyá mi àti àwọn àbúrò wọn dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bàbá gbàgbé wọn. Màmá ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn ti ní oníbàárà.

Mo yọ ọ́ kúrò torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn wọn. Ìbòjú ni mo kọ, mo fi òjìji sílẹ̀, mo wá ń bínú pé ẹ ò rí odindi ènìyàn.

Mo ti ń tún un kọ. Màmá ò ní í gun àkàsọ̀ kankan. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n máa wà, pẹ̀lú iná ẹ̀kọ àti lẹ́tà lọ́wọ́. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá tún kà á. Kí Bọ̀dá mú bébà wọn wá o. A ó jọ wò ó.